Ẹni Tí Kò Kí Ni Káàbọ̀

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò kí ni káàbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé." Òwe kékeré ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹni tí ó wà nílé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí ẹni tí ó ti àjò dé. Bí onílé bá dákẹ́, kì í ṣe àlejò nìkan ni ó fi ìyà jẹ. Ó fi ohun rere kan du ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ ọmọ mi tí ń ka ìwé yìí, jẹ́ kí a jọ wo bí òwe yìí ti ṣẹ ní ìlú New York àti ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ lọ sí yunifásítì ní ilẹ̀ àjèjì. A ó rí ibi tí onílé ti kí àlejò, a ó sì rí ibi tí onílé ti dákẹ́. Ẹ̀kọ́ wà nínú méjèèjì.

Àwọn baba wa tún sọ pé àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Fi ojú inú wo ọ̀dọ́ kan tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òtútù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọjọ́ púpọ̀ ni ó ti lò nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó gúnlẹ̀, oòrùn kò ràn, igi ti wọ́wé, oúnjẹ kò ní ata. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó rò pé òun gbọ́ dáadáa ní ilé-ìwé, àwọn onílẹ̀ ń sọ ọ́ wàràwàrà tó bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé, bí òtútù bá mú, ẹni tí ó bá pàdé rẹ̀ yóò wí pé, "Ẹ kú òtútù". Bí ó bá jókòó, a ó kí i, "Ẹ kú ìjókòó". Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, a ó kí i, "Ẹ kú iṣẹ́". Ní ibi tí ó dé yìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tí ó la ẹnu.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó kórìíra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ìlú ti ní àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà èwe. Òmíràn ń bẹ̀rù kí òun má ṣi orúkọ àlejò pè. Òmíràn sì rò pé ó tẹ́ àwọn àlejò lọ́rùn láti máa wà pẹ̀lú ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tí kò gbèrò ibi ṣe ń di ògiri láàárín ènìyàn àti ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1909, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harry Edmonds, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́ tí à ń pè ní YMCA, pàdé akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé Yunifásítì Columbia ní New York. Ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà. Edmonds kí i pé ẹ káàárọ̀, bí ènìyàn ti í kí ẹni tí ó bá bá pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wí fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ti wà ní New York, àti pé Edmonds ni ẹni kìn-ín-ní tí ó bá òun sọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Nínú ìlú tí èrò kún bí omi òkun, ní àyíká ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n gbogbo ayé, ènìyàn kan wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìrí ẹni kí i. Ọ̀rọ̀ náà wọ Edmonds lára. Nígbà tí ó dé ilé, ó sọ ọ́ fún aya rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti òkèèrè wá sí ilé wọn láti jẹun alẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń wá fi pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà àti èyí tí ó jẹ́ àlejò lè máa pàdé. Nígbà tí ó yá, olówó ńlá kan, John D. Rockefeller kékeré, fi owó sílẹ̀ fún ilé títóbi kan, tí a ṣí ní ọdún 1924. International House ni wọ́n sọ ọ́, èyí ni Ilé Gbogbo Orílẹ̀-Èdè.

Ṣe àkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò ilé náà. Edmonds kò kọ́ ọ fún àlejò nìkan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń jẹun nínú gbọ̀ngàn kan náà, wọ́n sì ń gba àtẹ̀gùn kan náà lọ sí yàrá wọn. Bí a bá kó àlejò jọ sí ibì kan ní àwọn nìkan, a ti fún wọn ní òrùlé, ṣùgbọ́n a kò tíì fún wọn ní ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, Edmonds lọ sí Berkeley ní ìpínlẹ̀ California láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Òpópónà tí a ń pè ní Piedmont Avenue ni ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ilé àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gba àjèjì àti ènìyàn aláwọ̀ dúdú wà. Inú bí àwọn ará ìlú. Iye tí ó ju 800 lọ ni ó péjọ láti tako ilé tí àwọ̀ gbogbo yóò jọ máa gbé abẹ́ òrùlé rẹ̀. Ní àárín èrò tí inú ń bí náà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Delilah Beasley, tí í máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Oakland Tribune, dìde, ó sì gbèjà ilé náà. A ṣí i ní ọdún 1930. Ìwọ rò ó wò: ìkíni kì í gba owó, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ó ń gba ìgboyà.

Ní New York, onílé ni ó kọ́kọ́ kí àlejò. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò kan náà, ọ̀pọ̀ onílé ni ó dákẹ́, ó sì di dandan fún àwọn àlejò láti máa kí ara wọn. Ìtàn yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọmọ Abẹ́òkúta ni ó wà ní ipò iwájú nínú rẹ̀.

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922 láti kẹ́kọ̀ọ́ òfin, lẹ́yìn tí ó ti kàwé ní Fourah Bay College ní Freetown. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn Òyìnbó ní èdè Yorùbá kí ó lè rí nǹkan gbé ara ró. Ní ọdún 1924, nígbà tí ìjọba ṣe àfihàn ńlá ní Wembley, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn ènìyàn wa, Ṣólàńkẹ́ sì kọ̀wé láti fi ẹ̀hónú hàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé gbígbé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé yàrá ṣófo. Yóò kan ilẹ̀kùn. Bí onílé bá ti rí àwọ̀ ara rẹ̀, yóò ní ẹlòmíràn ti gbà á. Ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn méjì, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìmọ̀ràn Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone, dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. WASU ni wọ́n ń pè é ní ìkékúrú, Yorùbá sì mọ ohun tí à ń pè ní wàásù. Wọ́n fẹ́ ní ilé tiwọn. Nítorí èyí, Ṣólàńkẹ́ padà sí Áfíríkà ní ọdún 1929, ó ń ti ìlú dé ìlú títí di ọdún 1932, ó ń bẹ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn mẹ̀kúnnù láti dáwó. Ní ọdún 1933 ni a ṣí ilé náà ní Camden Road. Ṣólàńkẹ́ ni alábòójútó. Aya rẹ̀, Arábìnrin Olú Ṣólàńkẹ́, ni ìyá ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ ibi tí yóò gbà. Yóò bá ẹni tí yóò kí i káàbọ̀, yóò bá oúnjẹ tí ahọ́n rẹ̀ mọ̀, yóò sì bá ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Ní ọdún 1938, wọ́n kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní South Villas.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ṣí ilé kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1934, tí wọ́n fi orúkọ Aggrey sọ. Ohun tí ó dára ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ WASU fura pé ìjọba fẹ́ máa fi ilé náà ṣọ́ wọn ni, kí ó sì darí èrò ọkàn wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́, ilé náà kò sì kọjá ọdún 1940. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ní okùn nídìí, àlejò a máa rí okùn náà kí ó tó rí oúnjẹ.

Wàyí o, ta ni ó pàdánù ẹ kú ilé? Inú ẹgbẹ́ tí àwọn tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ dá sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú òmìnira ilẹ̀ wa ti kọ́ bí a ti í ṣe ìpàdé, tí a sì í bá ìjọba jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1941, Clement Attlee, ẹni tí ó di olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1945, wá bá àwọn ọmọ WASU sọ̀rọ̀. Kwame Nkrumah, tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, di igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Òun pẹ̀lú kan ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kí ó tó rí yàrá. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan ní Burghley Road ni ó gbà á. Obìnrin yìí a máa fi oúnjẹ pa mọ́ dè é nígbà tí ó bá pẹ́ dé lálẹ́, Nkrumah a sì máa bá a fọ àwo. Ibẹ̀ ni ó gbé títí ó fi padà sílé ní ọdún 1947. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè Ghana. Àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kò mọ ẹni tí wọ́n lé lọ. Obìnrin náà pẹ̀lú kò mọ ẹni tí ó gbà. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ènìyàn ni.

Kò sì yẹ kí a sọ pé gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ni ó dákẹ́. Láti ọdún 1932 ni Mary Trevelyan ti ń bójú tó ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ onílé àti àlejò ti ń pàdé. Ní ọdún 1949, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fi í ṣe olùdámọ̀ràn fún àwọn tí ó ti òkè òkun wá. Láti ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ British Council a máa lọ pàdé wọn ní ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Ní ọdún 1965, a ṣí International Students House nípasẹ̀ akitiyan Trevelyan, ilé náà sì wà títí di òní.

Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o mú dání. Èkíní, ìkíni ni ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Bí Edmonds bá kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tán tí ó sì gbàgbé rẹ̀, kò ní sí ìtàn tí à ń sọ. Lẹ́yìn ìkíni, béèrè orúkọ àlejò, kí o sì kọ́ ọ títí ìwọ yóò fi lè pè é bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é. Fi ọjà hàn án, fi ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ hàn án, pè é wá jẹun, kí o sì tún pè é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀wọ̀, ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rẹ́. Èkejì, má ṣe fi oore de àlejò mọ́lẹ̀. Jẹ́ kí ó lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ níwájú rẹ láìbẹ̀rù. Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ ìwọ ni àlejò, wá àwọn ará ilé rẹ rí, nítorí wọn ni yóò kọ́kọ́ gbé ọ ró; ṣùgbọ́n má ṣe fi ara pamọ́ sí àárín wọn títí ìwọ yóò fi kàwé tán. Ẹni tí ó lọ sí òkèèrè tí kò mọ ju ará ilé rẹ̀ lọ, ìwé nìkan ni ó kọ́, kò kọ́ ayé.

Má ṣe dúró di ọjọ́ tí ìwọ yóò wọ yunifásítì kí o tó ṣe èyí. Wo inú kíláàsì rẹ. Bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí ó ń dá jókòó ní àkókò ìsinmi nítorí kò gbọ́ èdè tí ẹ̀yin ń sọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ó ti wà láàárín yín? Ta ni ó ti bá a sọ̀rọ̀? Dìde, lọ kí i, kí ìwọ pẹ̀lú má baà pàdánù ẹ kú ilé.