Ọ́ìlì tí wọ́n ní kì í gbó: ìtàn àpótí kékeré abẹ́ ọkọ̀

Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà pọ̀ lójú pópó wa lónìí. Lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àpótí irin kékeré kan wà tí ó so mọ́ gíà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní transfer case. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba agbára lọ́wọ́ gíà, kí ó sì pín in fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ọ́ìlì tí ó ń mu kò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú wọn kò gbà tó lítà méjì. Síbẹ̀, bí a bá bi awakọ̀ mẹ́wàá léèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì náà gbẹ̀yìn, ẹni tí yóò rí èsì fọ̀ nínú wọn kò ní í pọ̀. Ibi tí ìgbàgbé yìí ti wá, ìtàn ni yóò sọ ọ́ fún wa.

Kí ayé tó mọ ọ́ìlì inú ilẹ̀ dáadáa, epo pupa ti ń ṣiṣẹ́ lára irin. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo tí àwọn ìyá wa fún ní ẹkù wà lára ohun tí àwọn òyìnbó fi ń ṣe gírísì sí ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti ń yí. Wọ́n ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là pẹ̀lú. Òwò epo yìí kò ṣàì ní ọwọ́ nínú bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó ní ọdún 1861. Irin kò lè máa fi ara gbo irin láìsí ohun tí yóò là wọ́n. Ẹnì kan níbì kan ni yóò sì ṣe làálàá kí ohun náà tó dé.

Ní ọdún 1908, Otto Zachow àti William Besserdich, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Clintonville ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, gba ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọgbọ́n tí wọ́n dá láti mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fa ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti inú ọgbọ́n yìí jáde gbé ẹrù fún àwọn ọmọ ogun nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ní ọdún 1940, ilé iṣẹ́ Bantam ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania kan ọkọ̀ kékeré kan fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà láàárín ọjọ́ 49 péré. Ọkọ̀ náà ni baba jíípù. Willys àti Ford ni wọ́n wá kan èyí tí ó pọ̀ jù lọ, iye rẹ̀ sì ju 600,000 lọ kí ogun tó parí.

Àwọn ènìyàn wa ní ìpín nínú ìtàn jíípù yìí. Láti ìparí ọdún 1943 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n wà ní Dífíṣọ̀n 81 fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíípù kan tí ó gùn tó máìlì 75, láàárín òkè àti igbó, lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. West African Way ni wọ́n sọ ọ̀nà náà. Níbi tí ọ̀nà jíípù parí sí, orí ni àwọn ọmọ wa fi ru ẹrù ogun lọ.

Ogun parí, ilé iṣẹ́ Rover sì gbé Land Rover jáde ní Amsterdam ní oṣù kẹrin ọdún 1948. Ọkọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n pète rẹ̀ fún. Ìwé ìlànà ọkọ̀ ìgbà náà a máa sọ fún ẹni tí ó ni ín pé kí ó máa yẹ ọ́ìlì àpótí yìí wò, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bí àkókò bá tó. Ìtọ́jú ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ń wà á.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹranko òkun ńlá kan ń kú nítorí gíà. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òróró àbùùbùtán wà nínú ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sínú gíà ọ̀tọmátíìkì. Orúkọ tí Yorùbá sọ ẹranko náà fi títóbi rẹ̀ hàn: a bù ú, a kò lè bù ú tán. Àmọ́ òwò òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ bù ú tán. Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn ẹranko tí ó fẹ́ parun, àwọn tí ń ṣe ọ́ìlì sì ní láti wá ohun mìíràn tí yóò rọ́pò òróró náà. Ọ̀pọ̀ transfer case òde òní ló ń lo irú ọ́ìlì pupa yìí.

Bí ọ́ìlì ṣe ń dára sí i ni àwọn ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èyí tí àwọn dà sínú àpótí náà yóò bá ọkọ̀ dọ́jọ́ alẹ́. Ọjọ́ alẹ́ ti ta ni? Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ní tuntun lókè òkun lè lò ó fún ọdún mélòó kan, kí ó tà á, kí wàhálà kankan má sì kàn án. Àwa tí a ń ra tòkunbọ̀ láti Kútọnu tàbí ní èbúté Èkó ni a ń jogún ohun tí ó kù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n kó kúrò ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan láàárín ọdún 2015 sí 2018. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbà jù nínú wọn.

Iṣẹ́ náà kò ju agbára ẹni lọ nílé. Kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ó bá di dandan kí a gbé ọkọ̀ sókè, kí á má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Nọ́ọ̀tì òkè, tí a ó gba ibẹ̀ rọ ọ́ìlì, ni kí á kọ́kọ́ tú. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú ti ìsàlẹ̀, tí ó wá rí i pé ti òkè ti dì pa, ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di èyí tí kò lè kúrò lójú kan. Ìyẹ̀fun irin díẹ̀ nínú ọ́ìlì àlòkù kò burú; èérún irin tí ọwọ́ lè mú ni ó ń kéde ewu. Ìwé ọkọ̀ ni kí ó sọ irú ọ́ìlì tí a ó rà, nítorí pé èyí tí ó yẹ ọkọ̀ kan lè ba òmíràn jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a ó máa rọ ọ́ títí yóò fi máa kán jáde lójú ihò òkè. Kí á má sì da èyí tí ó ti gbó sí gọ́tà, nítorí pé omi kànga wa kò jìnnà sí i.

Ọwọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ìtọ́jú àpótí yìí wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní kí á gbàgbé rẹ̀ ti ta ọkọ̀ tiwọn. Ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí ni yóò san owó àpótí tuntun.