Ìtàn Oògùn Tí A Ń Lò Kí Èpò Tó Hù

Ní ọdún tí ó kọjá, olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ògbufọ̀ fún olúkúlùkù wa ní ìwé pélébé kan láti túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Ẹnìkan gba ìwé òfin, ẹlòmíràn gba ìwé ìlò oògùn ibà. Èyí tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò oògùn èpò kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo ti mú ọkọ́ kí n tó mú kálámù. Wéré ni mo kọ ọ́ pé oògùn náà "ń pa irúgbìn èpò nínú ilẹ̀." Nígbà tí olùkọ́ dá iṣẹ́ náà padà, ó ti fi yíǹkì pupa fa ilà sí abẹ́ gbólóhùn yìí, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Kì í pa irúgbìn. Lọ wádìí." Ìwádìí náà ni mo wá ròyìn fún yín yìí, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí òtútù ti ń mú ní Amẹ́ríkà, bí Ohio àti Iowa, ẹni tí ó bá ní ilé a máa ní pápá koríko níwájú rẹ̀. Kò gbìn ín fún jíjẹ, kò sì gbìn ín fún ẹran. Kí ojú lè máa wò ó ni. Koríko yìí kì í kú bọ̀rọ̀. Bí yìnyín tilẹ̀ bò ó, gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀, yóò sì tún rú nígbà ìrúwé. Ọ̀tá rẹ̀ ni koríko kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ sí koríko akàn, ó sì ń na ẹsẹ̀ kálẹ̀ bí akàn lóòótọ́. Ọdún kan péré ni ó ń lò láyé. Bí òtútù bá ti mú gan-an, ó kú. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú, ó ti gbọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún irúgbìn sílẹ̀ de ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Digitaria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìdílé koríko akàn. Acha tí wọ́n ń gbìn ní ilẹ̀ Jos, tí wọ́n ń sè jẹ, ọmọ ìdílé kan náà ni. Ohun tí ará Ohio ń fi owó ra oògùn láti lé, ìbátan rẹ̀ ni ará Jos ń kó sínú àká. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti gbà pé "èpò" kì í ṣe orúkọ ewéko kankan. Ẹjọ́ tí a dá fún ewéko ni.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, rí oògùn tí à ń pè ní 2,4-D, ó sì dé ọjà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1945. Ìyanu ni ó jẹ́ fún wọn: ó ń pa ewéko eléwé fífẹ̀, ó sì ń dá koríko sí. Ṣùgbọ́n koríko ni koríko akàn pẹ̀lú, nítorí náà ó bọ́. Báwo ni a ó ṣe pa koríko láàrin koríko? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣeé dì mú láàrin àwọn méjèèjì ni àkókò. Nígbà tí ìrúwé bá bẹ̀rẹ̀, koríko onílé ti ní gbòǹgbò, ti àlejò ṣì wà nínú èèpo irúgbìn.

Àwọn tí ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ti ṣèèṣì fọwọ́ ba ọgbọ́n yìí rí. Wọ́n a máa fọ́n lead arsenate, tí òjé àti arsenic pàdé nínú rẹ̀, sílẹ̀ láti pa ìdin tí ń jẹ gbòǹgbò. Wọ́n sì kíyèsí i pé koríko akàn kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀. Májèlé lásán ni, òfin sì mú ìlò rẹ̀ bí oògùn kòkòrò kúrò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988.

Ní ọdún 1958 ni ìjọba Amẹ́ríkà forúkọ Dacthal sílẹ̀ fún pápá koríko, oògùn tí a dìídì ṣe fún àkókò tí èpò kò ì tíì hù. Níhìn-ín ni yíǹkì pupa olùkọ́ mi ti yé mi. Oògùn bẹ́ẹ̀ kì í fọwọ́ kan irúgbìn tí ó sùn. A fọ́n ọn, omi gbé e wọlẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní lábẹ́ ojú ilẹ̀. Nígbà tí irúgbìn bá jí tí ó na gbòǹgbò, gbòǹgbò náà kan oògùn, kò lè pín láti dàgbà mọ́, ó sì kú kí ojú ẹnikẹ́ni tó rí i. Bí a bá yára jù, agbára oògùn ti dínkù kí irúgbìn tó jí. Bí a bá pẹ́ jù, èpò ti yọrí. Wọ́n ní kí ó wà nílẹ̀ kí ooru ilẹ̀ tó dúró ní nǹkan bí 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò ní ohun èlò ìwọnru a máa wo igi kékeré tí à ń pè ní forsythia. Ìgbà tí òdòdó aláwọ̀ ìyeyè rẹ̀ bá yọ, iṣẹ́ dé. Ẹni tí ó bá sì gbin koríko tuntun lọ́jọ́ kan náà ṣe lásán, nítorí oògùn kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.

Àwọn oògùn mìíràn tẹ̀lé e, bíi trifluralin àti pendimethalin. Ní Iowa, láàrin ọdún 1985 sí 1986, Nick Christians ti Yunifásítì Iowa State fọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo sílẹ̀ fún ìwádìí lórí àrùn koríko. Àrùn náà kò mú, ṣùgbọ́n koríko tí ó gbìn kò hù dáadáa. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ohun kan wà nínú àgbàdo tí ń dí híhù lọ́wọ́.

Dacthal ní tirẹ̀ kúrò lórí pápá, ó dé oko àlùbọ́sà àti kábéèjì. Ní ọdún 2013, EPA, àjọ ìjọba tí ń rí sí ààbò àyíká, ní kí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é wá mú ìwádìí wá nípa ohun tí ó ń ṣe sí thyroid, ibi tí omi ara tí ń mú ọpọlọ ọmọ inú dàgbà ti ń jáde. Ọdún 2022 ni ìwádìí náà tó dé. Ó hàn pé aboyún tí ń fọwọ́ kan oògùn náà lè gba ìlọ́po 4 sí 20 ìwọ̀n tí kò ní pa ọmọ inú lára. Ìwé ara rẹ̀ sọ pé kí òṣìṣẹ́ má wọ oko fún wákàtí 12. Ewu náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 2024, EPA dá a dúró ní kíá, irú àṣẹ tí wọn kò pa fún nǹkan bí 40 ọdún. Ọdún 66 ni ó ti wà lọ́wọ́ ènìyàn. Àwọn obìnrin tí ń tu àlùbọ́sà lóko, tí àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé àwọn lóyún, ni mo ń rò nígbà tí mo ka èyí.

Mo tún ìwé pélébé náà túmọ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Oògùn yìí ń dá èpò dúró kí ó tó hù." Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ tí mo ti fò ní àkọ́kọ́ nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ kéré: kí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn má ṣe tẹ ibẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ èyí. Olùkọ́ yọ máàkì méjì kúrò, ó ní kò sí lẹ́tà ńlá nínú ìwé tí òun fún mi.