Ọjọ́ Ìsinmi Lójú Ọ̀nà Hanoi sí Saigon

Ọ̀nà tó ti Hanoi lọ sí Saigon, ìlú tó ń jẹ́ Ho Chi Minh láti 1976, jìn tó 1,700 kìlómítà. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin, ọmọ Kétu kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan àti ọmọ Àjàṣẹ́ méjì, fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìn ín. N kò ní sọ púpọ̀ nípa òógùn àti ẹsẹ̀ ríro. Lọ́jọ́ ìrìn, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ kì í rí ju táyà ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a bá gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri ni ojú tó ń rí ìlú. Ohun tí a rí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, pàápàá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Faransé tó jọba lé wa lórí náà ló jọba lé àwọn ará Vietnam lórí. Ohun tó kó wá bá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kó wá bá wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ohun tí onílé fi wọ́n ṣe.

Ní Hanoi, afárá Long Bien ni a kọ́kọ́ lọ wò. Ó gùn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ, ó sì dá Odò Pupa kọjá. Ilé iṣẹ́ Daydé & Pillé ti Paris ló gba iṣẹ́ rẹ̀ láàrin 1899 sí 1902; pátákó irin tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára afárá náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn afinimọ̀nà kan kò yé sọ fún àlejò pé Eiffel ni. Orúkọ Paul Doumer, gómìnà àgbà Indochine, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1967 àti 1972, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lù ú léraléra, àwọn ará Hanoi sì ń tún un ṣe léraléra. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé irin ibì kan kò bá irin ibòmíràn mu. Lónìí, ọkọ̀ ojú irin ń gba àárín rẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ń gba ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọdọ̀ gùn ún. Orúkọ Doumer ti kúrò lórí rẹ̀ tipẹ́.

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun, ní ìlú kan náà, a rí kẹ̀kẹ́ kan tí kò dà bí tiwa. Faransé ló mú kẹ̀kẹ́ wọ ilẹ̀ yìí. Nígbà tó di 1954, ọmọ ogun Faransé pàgọ́ sí àfonífojì Dien Bien Phu láàrin àwọn òkè, àwọn ọ̀gá wọn sì gbà pé kò sí bí àwọn Viet Minh ṣe lè kó oúnjẹ àti ohun ìjà tó pọ̀ dé irú ibẹ̀ yẹn. Kẹ̀kẹ́ ni Ọ̀gágun Vo Nguyen Giap fi dá wọn lóhùn, nǹkan bí 20,000. Wọn kò gùn wọ́n o. Títì ni wọ́n ń tì wọ́n. Wọ́n so ọparun kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹni tó ń tì í lè máa darí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó kí ó lè rí ibi dì mú, wọ́n sì wé àkísà mọ́ rọ́bà inú táyà kí ó má baà tètè bẹ́. Kẹ̀kẹ́ kan ń ru ju 200 kìlógírámù lọ. Ní ọjọ́ keje oṣù karùn-ún 1954, ibùdó Faransé ṣubú.

Àwọn ènìyàn wa wà nínú ogun Indochine yìí, lábẹ́ àsíá Faransé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Christophe Soglo tó wá di ààrẹ Dàhọ̀mì jà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Eyadéma tó di ààrẹ Tógò. Bí ìwé ológun tàbí fọ́tò irú àgbà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí ní ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn atúnkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Lẹ́nu wọn, guidon ti di ghi đông, pédale di pê đan, frein di phanh, garde-boue di gác đờ bu. A lè bá wọn nájà láìgbọ́ èdè wọn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, orúkọ tiwọn ni wọ́n fún un: xe đạp, ohun ìrìnnà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni a fi sinmi ní Hue. Ìlú ọba ni. Ìdílé Nguyen jọba níbẹ̀ láti 1802 títí di 1945, nígbà tí Bao Dai, ẹni ìkẹyìn nínú wọn, fi ipò sílẹ̀ ní ẹnubodè Ngo Mon. Ogun 1968 ba púpọ̀ nínú ààfin náà jẹ́. Koríko ti hù síbi tí gbọ̀ngàn wà tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ ìtàn Ham Nghi, ọmọdékùnrin tó gorí ìtẹ́ ní 1884. Ní 1885, àwọn ìjòyè rẹ̀ kọlu Faransé lóru, wọn kò ṣẹ́gun, wọ́n sì gbé ọba sá lọ sórí òkè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ké sí gbogbo ará ìlú ní orúkọ rẹ̀ pé kí wọ́n dìde. Ní 1888, ẹni tirẹ̀ kan dalẹ̀ rẹ̀, Faransé mú un, wọ́n sì kó o lọ sí ìgbèkùn ní Algiers. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkùn níbẹ̀, kò sì padà sílé mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀kan nínú àwa ọmọ Àjàṣẹ́ sọ pé Algeria kan náà ni wọ́n kó Béhanzin lọ ní 1906, lẹ́yìn ọdún méjìlá ní Martinique, àti pé ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ọba méjì, láti ìpẹ̀kun ayé méjì, ní ìgbèkùn kan ṣoṣo. Ọmọ Kétu kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣàánú rẹ̀ lójú mi. Glèlè bàbá rẹ̀ ló fọ́ Kétu ní 1886, tó kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú.” Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo mọ̀. Tòfà ọba tiwa sì wà lára àwọn tó pe Faransé wọlé nítorí ìbẹ̀rù Àgbómẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé tó jẹ́ kí Kétu padà sílé ní 1894 náà ló ti bá Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà ní 1889, tí Mẹ́kọ̀ fi bọ́ sí òdìkejì.” Kò sí ẹni tó borí nínú iyàn náà, a sì bá a dé ibùsùn. Mo gbà pé òtítọ́ àwọn méjèèjì ni ìtàn wa, kò sì sí èyí tó yẹ kí a fi bo èkejì mọ́lẹ̀ nítorí kí a lè ní akọni.

Láti Hue, a gun òkè Hai Van, tí ọ̀nà rẹ̀ ga tó 500 mítà. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi jiyàn nígbà tí a ní a ó sinmi ọjọ́ mẹ́ta ní Hoi An. Èbúté àtijọ́ ni, níbi tí àwọn ará Japan àti Ṣáínà ti ń ṣòwò. Gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò afárá tí àwọn ará Japan kọ́. Ohun tó wù mí jù kò ṣe é yà ní fọ́tò. Ní 1615, àwọn àlùfáà Jesuit gúnlẹ̀ sí agbègbè yìí. Ọ̀kan nínú wọn, Francisco de Pina, ọmọ Portugal, kọ́ èdè náà dáadáa, ó sì ń fi lẹ́tà Látìn kọ ọ́. Alexandre de Rhodes kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní Róòmù ní 1651. Èdè olóhùn ni, bíi tiwa. Bí àwa ṣe ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ma jẹ́ iwin, má jẹ́ ìyá, mả jẹ́ sàréè, mạ sì jẹ́ ọmọ irúgbìn ìrẹsì. Ohùn mẹ́fà ni ní àríwá, kò sì sí èyí tí wọn kì í kọ.

Faransé fẹ́ràn ìwé kíkọ yìí nítorí pé ó yọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ ìwé Ṣáínà. Àwọn tó ń wá òmìnira tún gbà á, nítorí pé ó rọrùn láti kọ́ mẹ̀kúnnù. Ní 1907 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Hanoi, wọ́n fi ń kọ́ni. Kò pé ọdún kan tí Faransé fi tì í pa. Ní oṣù kẹsàn-án 1945, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kéde òmìnira, ìjọba tuntun pàṣẹ pé kí tàgbà tèwe kọ́ ọ.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Nínú Tẹ́ḿpìlì Ìmọ̀ ní Hanoi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1070, òkúta 82 dúró lórí ẹ̀yìn ìjàpá olókùúta, orúkọ àwọn tó yege nínú ìdánwò ńlá láti 1442 sí 1779 wà lára wọn. Ìwé Ṣáínà ni wọ́n fi kọ wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tí a bá níbẹ̀ wá tọrọ orí ire fún ìdánwò tiwọn, wọn kò sì lè ka orúkọ àwọn baba ńlá wọn.

Ní Bẹ̀nẹ̀, a ní álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè láti 1975, a sì ń jiyàn títí dòní bóyá ɛ ló dára tàbí ẹ. Níbi tí iyàn náà ti gbóná, àmì ohùn ni a ń fò.

Ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò ní Hoi An, rọ́bà inú táyà kan bẹ́. Bàbá kan jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ike omi àti páńpù. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára páálí pé sửa xe đạp, a ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n kò sí àmì kan tó sọnù. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ya fọ́tò páálí náà, ó fi ránṣẹ́ sílé. Yorùbá ló kọ sábẹ́ rẹ̀, kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i.