Epo tó pa mọ́tò Dom Toretto ló bí Ìjàpá bàbá àgbà mi

1.
Lẹ́yìn ilé bàbá àgbà mi ní Òde-Ayé, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan, Ìjàpá wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọkọ Yánníbo o, Volkswagen Beetle ni, èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí roboto. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti sọ̀, adìyẹ ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ilé. Lóṣù tó kọjá, àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé òṣùwọ̀n dé. Wọ́n fẹ́ rà á ní kílò-kílò.

2.
Ẹbí pín sí méjì. Àwọn kan ní ká tà á, kí ibẹ̀ lè ráyè. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kékeré, mẹkáníìkì ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe lábẹ́ àtíbàbà yẹn gan-an. Wọ́n wá bi èmi "ọmọ tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́" pé kí lèrò mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá lọ kàwé. Ohun tí mo rí nìyí. Ẹ jókòó.

3.
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ ti wo Fast & Furious, àbí? Mọ́tò dúdú tí Dom Toretto ń wà, Dodge Charger 1970 ni. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní muscle car: ọkọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àmọ́ tí wọ́n ki íńjìnnì V8 ńlá bọ̀ níkùn. Pontiac GTO ti 1964 ló jẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lé e.

4.
Sílíńdà mẹ́jọ, ó ń mu epo bí ẹni mu ẹmu. Kò sẹ́ni tó bìkítà, torí epo ò wọ́n. Àmọ́ nígbà tó fi máa di nǹkan bíi 1970, ìjọba wọn ti ń ṣòfin lórí èéfín, owó adójútòfò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà sì ń gun òkè. Ara ọkọ̀ yẹn ò yá mọ́, ó kàn kù díẹ̀ kó ṣubú ni.

5.
Oṣù kẹwàá, 1973. Ogun bẹ́ sílẹ̀: Íjíbítì àti Síríà pẹ̀lú Ísírẹ́lì. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ń ta epo ní àwọn ò ta fún Amẹ́ríkà mọ́. Àgbá epo kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 fò dé nǹkan bíi dọ́là 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1974. Ìlà gùn lọ rẹrẹ nílé epo. Ta ló tún fẹ́ V8? Ó parí nìyẹn.

6.
Ó dáa, ẹ yíjú sílé báyìí. Ta ló tún ń ta epo nígbà yẹn? Àwa ni! Àwa ò sí lára àwọn tó ní àwọn ò tà. Owó tó ń jáde lápò wọn, àpò ìjọba Nàìjíríà wà lára ibi tó ń wọ̀. Ohun tó jẹ́ ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wọn, fàájì ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa.

7.
Ilẹ̀ sì ti wà ní ṣíṣetán. Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì, a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ kan ṣoṣo o! Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba bá Peugeot ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n wá máa to mọ́tò ní Kaduna. Volkswagen ti Jámánì, Èkó ni wọ́n gbà.

8.
Iléeṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Peugeot Automobile Nigeria ní Kaduna ń to 504, Volkswagen of Nigeria ní ọ̀nà Badagry ń to Ìjàpá. Leyland náà dé Ìbàdàn fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ rò ó wò: 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ẹ̀, a ti ń to mọ́tò.

9.
Báwo ni Ìjàpá ṣe wá dé ọwọ́ tíṣà ní Òde-Ayé? Ní ìparí 1974, ìjọba gba àbọ̀ ìgbìmọ̀ Udoji wọlé. Owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ sókè, wọ́n sì san ti oṣù mélòó kan sẹ́yìn pa pọ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa "owó Udoji", ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa rẹ́rìn-ín. Àwọn kan fi ra rédíò, àwọn kan ra alùpùpù. Bàbá àgbà mi fi tiwọn kún owó Ìjàpá.

10.
Kí ló dé tó jẹ́ Ìjàpá? Ẹ wo ilẹ̀ Ìkálẹ̀: igbó, òjò, ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Ẹ̀yìn ni íńjìnnì ẹ̀ wà, orí táyà tó ń ti ọkọ̀ lọ ni ìwúwo náà sì bọ́ sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè rì sẹ́rẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ló ń tu íńjìnnì ẹ̀ lára. O ò ní máa wá omi kiri lójú ọ̀nà, tí púpurú àti epo pupa sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

11.
Ẹ tún gbọ́ eléyìí: lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá ìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ inú súpíà táyà ló ń ti omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú jáde! Íńjìnnì ọ̀hún ńkọ́? Bóòtì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì abúlé lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀, kó tún un ṣe, kó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

12.
Kí ló wá pa á? Ibi tó dùn mí jù nìyí. A ò ṣe mọ́tò yẹn, a kàn ń tò ó ni. Inú àpótí ni ẹ̀yà ara ẹ̀ ti ń bọ̀ láti òkè òkun, púpọ̀ nínú ti Ìjàpá sì ń ti Brazil wá. Iléeṣẹ́ irin Ajaokuta tó yẹ kó máa fún wa nírin ò tíì parí títí dòní. Owó epo la fi ń ra gbogbo ẹ̀.

13.
Ní àwọn ọdún 1980, owó epo já wálẹ̀. Dọ́là di ọ̀wọ́n. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, náírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe dọ́là kan. Ní 1987, dọ́là kan ti di nǹkan bíi ₦4. Mọ́tò tí tíṣà rà ní 1975 kọjá agbára tíṣà. Tókúnbọ̀ wọlé. Ní àwọn ọdún 1990, Volkswagen palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.

14.
Ṣé ẹ ti rí i? Epo tó wọ́n ló pa mọ́tò tiwọn, epo tó dínwó ló pa tiwa. Àmọ́ òkú méjèèjì ò rí bákan náà. Lónìí, ará Amẹ́ríkà á wọ́ Charger tó ti dógùn-ún wọ gáréèjì ilé ẹ̀, á tú u palẹ̀, á tún un tò, á sì tà á ní owó gọbọi. Àwa ń gbé tiwa sórí òṣùwọ̀n.

15.
Ẹ má sọ pé "owó ni wọ́n ní". Ní 2014, Segun Oyeyiola, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti atẹ́gùn. Ó gbé sólà sórí ẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Púpọ̀ nínú ohun tó lò, àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Gbogbo ìnáwó ẹ̀ ò tó dọ́là 6,000.

16.
Torí náà mo sọ fún ẹbí pé ká má tà á. Iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́, Dádì Kékeré ní, "Fi í sílẹ̀ jàre!" Íńjìnnì tó ti jókòó pẹ́, písítìnì ẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n da dísù díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi í sílẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin, wọ́n fọwọ́ yí i wò. Ó yí! Gbogbo agboolé hó yèè.

17.
Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ ọkọ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Ásíìdì á máa kán sórí páànù, ibẹ̀ lá sì kọ́kọ́ dógùn-ún. Tiwa ti jẹ débi pé mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń wo yẹ̀pẹ̀ Òde-Ayé lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Wẹ́dà gé ibi tó jẹrà kúrò, ó jó páànù tuntun mọ́ ọn. Adìyẹ ti kó lọ sílé tuntun.

18.
Gbogbo rọ́bà epo, wọ́n yọ ọ́ dànù. Epo lè jò lára rọ́bà tó gbó, kó kán sórí íńjìnnì, kí gbogbo mọ́tò sì gbiná. Bíréèkì ni wọ́n tún ṣe tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó padà sídìí íńjìnnì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò tíì mọ bó ṣe máa dúró, ṣé ó yẹ kó gbéra?" Mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 1975 ni wọ́n ń sọ láìmọ̀.

19.
Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe mọ́tò. Dádì Kékeré ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Wọ́n máa ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á dẹ etí sí kabúrétọ̀, wọ́n á fi sukurudiráfà yí i díẹ̀, íńjìnnì á sì balẹ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ kankan tó fẹ́ kọ́ ọ mọ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. A lè rí Ìjàpá míì rà. Etí yẹn, níbo la ti fẹ́ rà á?

20.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, ohùn wọn, ọwọ́ wọn, gbogbo ẹ̀. Ẹbí ti fún wa di oṣù kejìlá. Tí kò bá tíì rìn nígbà yẹn, wọ́n á pe àwọn olóṣùwọ̀n padà. Ó ku kabúrétọ̀, wáyà iná, àti táyà mẹ́rin.

21.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé bàbá àgbà yín. Tí Ìjàpá tàbí 504 bá wà níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n lọ́dún tí wọ́n rà á àti iye tí wọ́n rà á. Ìtàn orílẹ̀-èdè yìí wà níbẹ̀, adìyẹ ló ń yé ẹyin lé e.

Tí tiwa bá jí, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ gbé ohùn íńjìnnì ẹ̀ fún. Ẹ bá mi pín in.