Owó Ọmọ Kì í Ṣe Owó Àánú

Ẹni tó bá jókòó láti túmọ̀ ìwé Child Benefit, owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san lórí ọmọ, sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni "owó ìrànwọ́." Mo bẹ̀ ẹ́, kó pa á tì. Ìrànwọ́ ni olójú àánú ń ṣe fún ẹni tí kò ní, abiyamọ tójú ń tì kò sì ní bá wọn tò síbẹ̀. Owó yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Tálákà lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ orúkọ sílẹ̀ fún un, ọlọ́rọ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi ọ́ léèrè iye tó o tọ́jú sí báńkì. "Owó ọmọ" tó wà lẹ́nu àwọn ìyá ní London ti tó. Lóòótọ́, nílé, owó ọmọ lè jẹ́ èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣì í gbọ́ nígbà tí ọmọ tí à ń sọ ṣì wà lẹ́yìn?

Ìtàn owó náà gan-an gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Eleanor Rathbone, obìnrin aṣòfin, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún un. Nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1945, bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ pé yóò máa gbà á. Rathbone ta kú pé ìyá ni. Ìyá náà ló jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án, ṣílè 5 lọ́sẹ̀ fún ọmọ kejì àti àwọn tó tẹ̀ lé e. Rathbone kò rí ọjọ́ náà, oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn ló kú. Owó tí wọ́n jà fún báyìí, tí a bá wá fi orúkọ sàárà pè é, a ti yí i padà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ńkọ́? "Tọrọ" kò ṣeé gbọ́ sétí. "Gbà" ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú. Ẹ jẹ́ ká wo bàbá kan tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ju £80,000 lọ, tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọdún kan. Òfin sọ pé bí owó ẹnì kan nínú tọkọtaya bá ti kọjá £60,000, yóò máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ọmọ padà lórí £200 kọ̀ọ̀kan tó lé. Bó bá dé £80,000, gbogbo rẹ̀ ló ń padà lọ. Bàbá yóò ní, "Kí la fẹ́ fi gbà á tí a ó tún dá a padà?" Ó jàre, bó bá jẹ́ gbígbà nìkan ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè kọ orúkọ sílẹ̀, kó sì ní kí wọ́n má sanwó wá. Ìyá tó bá kọ orúkọ sílẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún 12, ìjọba ń ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ èyí tí yóò fi gba owó ìfẹ̀yìntì, èèyàn sì máa ń nílò ọdún 35 kó tó lè gbà á ní kíkún. Nítorí náà, "kíkọ orúkọ sílẹ̀" ni kí ìwé wa máa sọ, kó sì ya gbígbà sọ́tọ̀. Ọdún yẹn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní credit, kò gbọdọ̀ di "àwìn" lọ́wọ́ wa, gbèsè ni onítọ̀hún máa gbọ́. "Ọdún àkàkún" ni mo yàn. Owó tí bàbá ń dá padà náà kì í ṣe ìtanràn, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìdápadà ni.

"Òbí" ní tirẹ̀ kéré jù. Ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lè kọ orúkọ sílẹ̀, kò dìgbà tó bá bí i. Yorùbá ti ní ti èyí nílẹ̀ pátápátá: ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lórí ọmọ kan.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "àkọ́bí." Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, £26.05 ni wọ́n ń san lọ́sẹ̀ lórí ọmọ tó dàgbà jù, £17.25 lórí ìkọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ yóò kọ "àkọ́bí" síbẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí wa kì í yí padà títí ayé. Tiwọn máa ń yí: bí ẹ̀gbọ́n bá ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n ń sanwó lé lórí, àbúrò ló bọ́ sípò, tó sì gba iye ńlá. "Ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tí à ń gbowó lé lórí" gùn, àmọ́ kò purọ́. Bí ìbejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló máa jẹ iye ńlá. Fọ́ọ̀mù kò sì bìkítà ẹni tó rán ẹnìkejì rẹ̀ wá tọ́ ayé wò.

Owó àwọn oṣù tó ti kọjá kò nílò orúkọ rárá. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹni tó bá pẹ́ kó tó kọ orúkọ sílẹ̀, owó oṣù 3 tó ti kọjá nìkan ni wọ́n lè san fún un.

Èyí tó léwu ni gbólóhùn orí físà tó ní kí èèyàn má fọwọ́ kan "owó ìlú." Nílé, ẹni tó ń jẹ owó ìlú, olè ni, ìyẹn nìkan sì lè mú kí abiyamọ sá fún ohun gbogbo tó bá ti jẹ mọ́ ìjọba. Owó ọmọ wà lára ohun tí gbólóhùn náà kà léèwọ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá bá a lórí físà rẹ̀, kó lọ rí agbẹjọ́rò kó tó kọ orúkọ kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò sí níbẹ̀, ìtọ́jú NHS kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé fún káńsù àti fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ka àwọn owó tí gbólóhùn náà kà léèwọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ti ilé ẹ̀kọ́ àti ti NHS sábẹ́ wọn pé àwọn kọ́.