Adébáyọ̀ Fálétí, Òṣìṣẹ́ Amóhùnmáwòrán Tí Ó Ń Kéwì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ súnmọ́ tòsí. Ìtàn ọkùnrin kan tí ó ṣiṣẹ́ amóhùnmáwòrán, tí ó sì tún jẹ́ akéwì, ni a ó gbọ́ lónìí.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn. Nàìjíríà kò ní irú rẹ̀ rí. Lára àwọn tí ó fi ìdí iṣẹ́ náà múlẹ̀ ni Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Agbóoyè ní ìhà Ọ̀yọ́. Ó ń gé fíìmù, ó ń tò ó, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ èyí tí yóò gé sọnù àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Nígbà náà, púpọ̀ nínú ohun tí a ń fi hàn kì í ní ẹ̀dà. Bí ó bá ti kọjá, ó lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Fálétí kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ nìkan. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ìtàn rẹ̀, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, jáde ní 1969. Eré rẹ̀, Baṣọ̀run Gáà, jáde ní 1972. Ní 1982, Olátúndé Ọlátúnjí ti Yunifásítì Ìbàdàn kó àwọn ewì rẹ̀ jọ sínú ìwé. Fálétí náà ni ó túmọ̀ sí Yorùbá orin orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà lò láti 1978 di 2024. Ó kú ní ọjọ́ 23, oṣù keje, ọdún 2017. Ohùn rẹ̀ dákẹ́, ṣùgbọ́n a ṣì ń ka ewì rẹ̀.

Kí ni èyí kan àwa ará Ìlàjẹ? Ọdún 1947 ni a tẹ Aiyétòrò dó. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, àwọn onílé sì ti fọ́n ká. Bí ènìyàn bá fọ́n ká, orin tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ àti orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja àti ìjì lè sọnù pẹ̀lú. Òkun kì í dá ilé padà. Ṣùgbọ́n orin tí a bá kọ sílẹ̀, ọmọ tí a kò tíì bí lè kọ ọ́.

Ẹnu àgbà ni obì ti í gbó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ẹ lọ jókòó ti baba tí ń tún àwọ̀n ṣe, kí ẹ bi í léèrè. Bí ó bá ti sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má ṣe fi èdè Ọ̀yọ́ tún un ṣe. Ọmọ Ọ̀yọ́ ti kọ ti ilé rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ti Ìlàjẹ.

Ó dìgbà kan ná.