Ọkọ̀ Ojú Irin Kò Dé Ìgboro Sókótó, Ṣùgbọ́n Òun Ló Gbé Wa Wá

 Àwọn ọmọ wa rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò láti Ìbàdàn wá síbí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rélùwéè ló la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ìtàn náà, kí ó wá Ilé Jaekel nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, l'Ékòó. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní 2010. Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà, kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ ìwé mẹ́ta.

Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Odò Ọya wá dábùú ọ̀nà. Kí afárá tó parí ní 1916, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ ojú irin lé sọdá! Ojú irin ti dé Kánò ní 1911. Ẹ̀ka tiwa, láti Zaria gba Gusau, dé Kaura Namoda ní 1929, ó sì parí síbẹ̀. Òwú àti ẹ̀pà ni ìjọba òyìnbó ń wá. Àwa kàn bá wọn wọkọ̀ ni.

Bí bàbá àgbà kan bá ní ọkọ̀ ojú irin dé Sókótó, ẹ má bá a jiyàn. Abẹ́ Sókótó ni Gusau àti Kaura Namoda wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Zamfara sílẹ̀ ní 1 October 1996.

Ẹ wo ará Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ojú irin nílé rẹ̀, kò sì sí níbi tó ń lọ. Yóò kọ́kọ́ wá ọ̀nà dé Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin kí ó tó wọkọ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Zaria láti wọ òmíràn, yóò dé Gusau, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ lọ́rí gba Talata Mafara wá síbí, tòun ti ẹrù àtẹ àti ọmọ lẹ́yìn. Kò yà wá lẹ́nu pé Gusau ni ẹsẹ̀ àwọn mìíràn dúró sí.

Àwòrán àti irinṣẹ́ rélùwéè wà l'Ẹ́bùúté Mẹ́ta. Ti èrò ọkọ̀ wà lábẹ́ ibùsùn wa: tíkẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà, àpótí páànù. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1950 ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, bí ó bá ṣì wà. A bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da àpótí náà nù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀: Ibùdókọ̀ wo lẹ ti wọkọ̀? Kí lẹ rù? Ta ló gbà yín sílé lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ dé Sókótó?